Owó páànù ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ní ká fi ra aṣọ ẹgbẹ́, kí n gbà fún wọn ni?

ỌmọÌsánlú: Ọ̀kun o, gbogbo ilé. Èmi ni akápò ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Láti ìkórè tó kọjá la ti ń dáwó páànù, àwọn màmá wa tó ń ta iṣu ló dá èyí tó pọ̀ jù, orúkọ wọn wà nínú ìwé mi, ₦500, ₦1,000, màmá kan ò lówó lọ́wọ́, iṣu mẹ́ta ló gbé wá ká bá òun tà á. Àwọn ẹgbẹ́ mi wá ní ká yọ níbẹ̀ ra aṣọ àjọ̀dún, a máa dá a padà. Mo ní rárá. Látìgbà yẹn wọn ò kí mi mọ́, wọ́n yọ mí kúrò lórí WhatsApp, "Jésù kékeré" ni wọ́n ń pè mí. Ó dùn mí gan-an. Ṣé kí n gbà kí àlàáfíà lè wà?

BàbáKàbà: Má gbà o, ọmọ mi. Ka 1 Sámúẹ́lì 15. Wọ́n ní kí Sọ́ọ̀lù pa gbogbo ẹran Ámálékì, ó dá èyí tó sanra sí, ó ní Ọlọ́run làwọn fẹ́ fi rúbọ sí, ìgbà tí Sámúẹ́lì fún un mọ́lẹ̀ ló tó jẹ́wọ́ pé àwọn èèyàn lòun bẹ̀rù. "A máa dá a padà" yẹn, ọ̀rọ̀ Sọ́ọ̀lù ni. Tí òjò bá dé tí ilé Ọlọ́run ń jò, ọ̀dọ̀ ta ni màmá oníṣu máa wá? Ọ̀dọ̀ ẹ ni.

ArábìnrinẸ̀gbẹ́: Òótọ́ ni Bàbá sọ. Bọ̀dá mi, ẹ má yẹsẹ̀, àwọn ọmọdé inú ẹgbẹ́ ń wò yín. Pétérù tó jẹ́ àpọ́sítélì gan-an, ó ti ń bá àwọn tí kì í ṣe Júù jẹun ní Áńtíókù, àfìgbà táwọn kan ti ọ̀dọ̀ Jákọ́bù dé tẹ́rù bà á tó fà sẹ́yìn, Bánábà náà sì bá a lọ, ó wà ní Gálátíà 2. Olórí kì í dá nìkan ṣubú. Àmọ́ mo fẹ́ bi yín, báwo lẹ ṣe sọ "rárá" yẹn? Tó bá jẹ́ pé ojú gbogbo èèyàn lẹ ti já wọn kulẹ̀, ẹ lọ bá wọn nílé, ẹ bẹ̀ wọ́n lórí bí ẹ ṣe sọ ọ́, ti owó ṣì wà níbi tó wà. Nílé wa níbí, lẹ́yìn tí míṣọ́nnárì Titcombe dé Ẹ̀gbẹ́ lọ́dún 1908, bàbá tó bí bàbá mi gba Jésù, wọn ò pè é síbi iṣu tuntun mọ́, síbẹ̀ kò yé kí ará ilé ẹ̀ láàárọ̀, wọn ì báà dáhùn wọn ì báà má dáhùn.

ỌmọÌsánlú: Ẹ ṣé gan-an ni. Sístà, òótọ́ ni, ohùn mi le lọ́jọ́ náà. Màá lọ bá alága nílé lọ́la, màá gbé ìwé dání kó fojú ara ẹ̀ rí orúkọ àwọn màmá yẹn. Tí wọ́n bá ní kí ẹlòmíì ṣe akápò, màá ka owó náà fún un níwájú pásítọ̀, ó máa pé.