Àkànlò èdè Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ mọ́ ìṣọ̀kan àti dídarapọ̀: èwo ni kí n kọ́kọ́ mọ̀?

Akẹ́kọ̀ọ́_Àná:
Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi mí sínú ikọ̀ kan níbi iṣẹ́, Gẹ̀ẹ́sì la sì fi ń kọ gbogbo nǹkan síra wa. Gírámà kò fi bẹ́ẹ̀ dà mí láàmú. Àwọn àkànlò èdè tó jẹ mọ́ ká jọ ṣe nǹkan pọ̀ ló ń gbé mi ṣubú, pẹ̀lú àwọn phrasal verb, ìyẹn ọ̀rọ̀-ìṣe tó máa ń gbé "in" tàbí "up" pọ̀n sẹ́yìn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo sọ fún ẹnì kan nínú ikọ̀ wa pé ètò tuntun tí wọ́n ní ká máa lò kò yé mi rárá. Ó fèsì pé, "Join the club." Mo bá bi í pé níbo ni wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀. Ẹ̀rín tí wọ́n fi mí rín lọ́jọ́ náà kò tíì tán nílẹ̀.

Mo rí àkójọ kan tó ní 100 àkànlò èdè. Mo kọ́ 15 sórí, mo gbàgbé 13. Èwo ni kí n mú, èwo ni kí n fi sílẹ̀?

Gbédègbẹ́yọ̀:
Pẹ̀lẹ́, àbúrò. Ẹni yẹn ń bá ọ kẹ́dùn ni. Ohun tó ń sọ ni pé, "Kì í ṣe ìwọ nìkan, kò yé èmi náà." Inú ìṣòro tàbí ìjákulẹ̀ ni wọ́n ti máa ń sọ ọ́. Ìbátan rẹ̀ ni "in the same boat", tí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ó túmọ̀ sí pé à ń jọ ṣiṣẹ́. Rárá. Ẹ̀yin méjèèjì lè má tíì ríra yín rí, wàhálà kan náà ló kàn bá yín.

Fi àkójọ 100 yẹn sílẹ̀. Bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tí Yorùbá ti ní àwòrán rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìyẹn kì í tètè sá lórí. "Put our heads together": ṣé àwa náà kì í forí korí ni? A tiẹ̀ tún máa ń fikùn lukùn, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ò ní. "Tie the knot" ni kí tọkọtaya so yìgì. "Birds of a feather flock together" ni ẹgbẹ́ ẹyẹ lẹyẹ ń wọ́ tọ̀. "Joined at the hip" ni wọ́n ń pe àwọn méjì tí kì í yara wọn, bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀ lé e. Ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ ló máa ń jẹ́, má kọ ọ́ nípa ọ̀gá rẹ.

Àwọn tó bá sì lẹ̀dí àpò pọ̀ ni wọ́n ń pè ní "in cahoots". Tó o bá kọ ọ́ sínú ìròyìn iṣẹ́ pé ikọ̀ yín àti ikọ̀ kejì wà "in cahoots", ẹ jókòó de àwọn olùṣèwádìí.

Ìyá_Akọ́mọlédè:
Òótọ́ lẹ sọ, Gbédègbẹ́yọ̀, àmọ́ ẹ ti gbé ọmọ yìí wọ ọjà aṣọ àríyá nígbà tí kò tíì ní aṣọ iṣẹ́. "Join" gan-an ló máa lò lójoojúmọ́, ibẹ̀ la sì ti ń ṣìṣe jù.

Yorùbá ń sọ pé "darapọ̀ mọ́". "Mọ́" yẹn la máa ń gbé wọ inú Gẹ̀ẹ́sì, la fi ń kọ "I joined to the team", tàbí "I joined with the team". Ikọ̀ ò fẹ́ nǹkan kan láàárín: "I joined the team", ó tán. Ìgbà tó o bá fẹ́ so páìpù kan mọ́ èkejì ni "to" máa wọlé: "join this pipe to that one".

"Join in" ni kó o bọ́ sínú ohun tí àwọn èèyàn ti ń ṣe lọ́wọ́. Wọ́n ń kọrin, o bá wọn gbè é, o ti "join in" nìyẹn. "Join up" ńkọ́? Tí ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá ní bàbá àgbà òun "joined up in 1940", iṣẹ́ ológun ni bàbá wọ̀. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ bíńtín tó wà lẹ́yìn ló ń darí gbogbo ẹ̀?

Èyí tó dùn mí jù ni "pull together". Ẹ fojú inú wo àwọn tó ń tukọ̀, tí gbogbo wọn ń fa àjẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìyẹn ni pé kí ẹ pawọ́ pọ̀. Àmọ́ "pull yourself together" ni wọ́n ń sọ fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti dàrú, pé kó nu ojú rẹ̀ kó sì ṣe bí àgbà. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan kọ ọ́ sí ọ̀gá rẹ̀ pé "We must pull ourselves together to finish this project." Ó rò pé òun ń gba gbogbo wọn níyànjú láti fọwọ́ sowọ́ pọ̀. Ọ̀gá pè é, ó fohùn jẹ́jẹ́ bi í bóyá nǹkan kan ṣẹlẹ̀ sí wọn.

Aláwàdà_Ọ̀sán:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kìlọ̀ fún un nípa "hook up". Mo kọ ọ́ sí obìnrin kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́, tó tó ìyá mi bí, pé "Let's hook up on Friday." Ìpàdé ni mo ní lọ́kàn o! Wákàtí kan gbáko kò dáhùn. Nígbà tó máa fèsì, ó ní, "I think you mean catch up."

Tó bá jẹ́ ẹ̀rọ lo fẹ́ so mọ́ ẹ̀rọ, kò burú. Tó bá jẹ́ èèyàn, pàápàá lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́, ọ̀rọ̀ ibùsùn ni. "Meet up" ni kó o máa lò.

Akọ̀wé_Kọwúrà:
Èmi ò fara mọ́ àkànlò èdè púpọ̀ nínú ìwé iṣẹ́. Púpọ̀ nínú wọn ti gbó. Kó o gbọ́ wọn yé ṣe pàtàkì, kó o máa lò wọ́n kò pọn dandan. "Work with" kò tíì dójú ti ẹnikẹ́ni rí.

Ṣùgbọ́n mọ èyí tó ní ẹ̀gún nínú. "Team up with" ni kẹ́ ẹ jọ ṣe nǹkan, "gang up on" ni kẹ́ ẹ kó ara yín jọ dojú ìjà kọ ẹnì kan. "Close ranks" wá látọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ogun tó ń sún mọ́ra kí àlàfo má bàa sí, àmọ́ lónìí, nígbà tí iléeṣẹ́ bá ń daṣọ bo ẹni wọn tó ṣẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń fi í bú wọn. Tọ́rọ̀ bá di dídáwó jọ, "chip in" ni, tàbí "club together" lẹ́nu àwọn ará Bìrìtìkó. "Pitch in" lè jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ lásán.

Akẹ́kọ̀ọ́_Àná:
Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti ń da "chip" àti "pitch" pọ̀ tipẹ́. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ dákun, "put together it" ni àbí "put it together"?

Ìyá_Akọ́mọlédè:
"Put it together" ni. Tó bá jẹ́ "it" tàbí "them", àárín ló gbọ́dọ̀ wà. Tó bá jẹ́ orúkọ, bíi "a team", ó lè wà láàárín, ó lè wà lẹ́yìn. Bó o bá ṣí ìwé atúmọ̀ èdè Oxford ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni, wàá rí ọfà olórí méjì lára àwọn tó ṣeé là sí méjì bẹ́ẹ̀. Fún etí, gbọ́ "The English We Speak" ti BBC Learning English, kò gùn rárá. Ẹyọ méjì lọ́sẹ̀ tó. Fi ọ̀rọ̀ ara rẹ kọ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, má da ti ìwé kọ.

Akẹ́kọ̀ọ́_Àná:
Mo ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ikọ̀ wa rèé: "Could we get together on Monday and put our heads together?"

Akọ̀wé_Kọwúrà:
"Together" méjì nínú gbólóhùn kan. Yọ ọ̀kan.

Akẹ́kọ̀ọ́_Àná:
Mo ti sọ ti àkọ́kọ́ di "meet", mo sì ti fi ránṣẹ́. Ẹni tó ní kí n "join the club" ló kọ́kọ́ fèsì. Ó ní, "Count me in." Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n kà?

Gbédègbẹ́yọ̀:
Má ka nǹkan kan, àbúrò. Ó ní òun máa wá.