"Agbaninímọ̀ràn" kọ́ ni ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ tọ́jú èèyàn

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o.

Àbá mẹ́ta ló wà nílẹ̀ fún ìwé tí a ó fi kọ́ àwọn tí yóò máa fi ọ̀rọ̀ sísọ tọ́jú àwọn tí ìdààmú ọkàn bá ní Ilé-Ifẹ̀: "agbaninímọ̀ràn" fún olùtọ́jú, "ìtọ́jú ẹlẹ́rìí" fún ìtọ́jú tí ìwádìí ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀, àti "iṣẹ́ àṣetiléwá" fún ohun tí aláìsàn yóò máa ṣe nílé kí ìpàdé tó kàn tó pé.

Ti àkọ́kọ́ ni mo lòdì sí jù. Ohun tó le jù láti kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ nínú iṣẹ́ yìí ni pé kó má gbani nímọ̀ràn. Ẹ wo Problem Management Plus, ìlànà ìfọ̀rọ̀tọ́jú tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2016: ìpàdé márùn-ún ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba nǹkan bí 90 ìṣẹ́jú. Aláìsàn fúnra rẹ̀ ló ń ka ìṣòro rẹ̀ sílẹ̀, òun ló ń mú èyí tí apá rẹ̀ lè ká, òun náà ló ń ro onírúurú ọ̀nà kó tó yan èyí tí yóò dán wò. Bí olùtọ́jú bá ní "Mà, ẹ lọ sọ ọ́ fún ọkọ yín", tí ọkọ bá wá fi ìbínú dáhùn, olùtọ́jú ló jẹ̀bi, ìyá náà sì lè má padà wá mọ́. Ẹni tó bá ti Ọjà Tuntun wá rí agbaninímọ̀ràn, ìmọ̀ràn ló jókòó dè. "Olùfọ̀rọ̀tọ́jú" ni mo fara mọ́. Ó gùn díẹ̀, àmọ́ iṣẹ́ náà gan-an ló ń sọ.

Ilé ẹjọ́ àti ṣọ́ọ̀ṣì ló ni "ẹlẹ́rìí". Àwọn èèyàn á rò pé ẹnì kan ló jẹ́rìí ìwòsàn níwájú ìjọ, bẹ́ẹ̀ ìwádìí ni ẹ̀rí tí à ń wí: kèké ni àwọn olùwádìí máa ń fi pín àwọn aláìsàn sọ́nà méjì, kí wọ́n tó fi àwọn tó gba ìtọ́jú náà wé àwọn tí kò gbà á. "Ìtọ́jú tí a ti dán wò" ti tó. "Àṣetiléwá" ń mú àgbàlagbà bẹ̀rù máàkì. Ẹni tí kò bá ṣe é á kàn sá fún ìpàdé. "Iṣẹ́ àárín ìpàdé" kò gbé ìbẹ̀rù kankan wá.

Ẹ má fi "ìrònú" sínú orúkọ ìtọ́jú èrò àti ìṣe (CBT), ìyẹn ìtọ́jú tó ń ranni lọ́wọ́ láti yí èrò àti ìṣe ẹni padà. Àìsàn ni "ìrònú" lẹ́nu àwọn èèyàn wa: "ìrònú ló ń bá a jà." Ẹ jẹ́ ká lò ó bẹ́ẹ̀. Friendship Bench, ètò ìfọ̀rọ̀tọ́jú tí Dixon Chibanda dá sílẹ̀ ní Harare, ní Zimbabwe, ní 2006, náà lo "kufungisisa", àròjù lédè Shona, torí ohun tí àwọn aráàlú ń pè é nìyẹn.

Èyí tó ká mi lára jù ni ìbéèrè kẹsàn-án nínú PHQ-9, ìbéèrè mẹ́sàn-án tí a fi ń mọ bí ìdààmú ọkàn ṣe pọ̀ tó lára èèyàn, níbi tí àkọsílẹ̀ wa ti lo "èrò burúkú". Olè jíjà náà èrò burúkú ni. "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́" ni aláìsàn á fi dáhùn, a ò sì ní mọ̀ pé ẹ̀mí ẹni náà wà nínú ewu. Ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ báyìí: "Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, báwo ló ṣe ń wá sí yín lọ́kàn tó pé ó sàn kí ẹ kú, tàbí kí ẹ ṣe ara yín léṣe?"