Ọmọ mi ń lọ Annapolis ní ìparí oṣù kẹfà: ẹ̀yin tí ẹ ti la Plebe Summer tàbí Beast kọjá, ẹ wá sọ tiyín

Ìyá Kádẹ́ẹ̀tì (Bowie, Maryland):
Ẹ kú ilé o. Àkọ́bí wa ọkùnrin ti rí appointment gbà sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn Navy ní Annapolis. A ti ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, a ti se ìrẹsì. Ẹ̀rù wá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bà mí báyìí. Plebe Summer yìí, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn ọmọ tuntun, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí méje nínú oòrùn, kò sí fóònù, kò sí ilé. Ọmọ náà ń gbé irin ní gym láràárọ̀, apá rẹ̀ ti wú bí iṣu, àmọ́ tí ẹ bá ní kó sáré dé ìkóríta, á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Bàbá rẹ̀ ní kò sí ìmúrasílẹ̀ kankan tó kù, pé òun ti fi ẹgba múra rẹ̀ sílẹ̀ láti kékeré. Ẹ̀yin tí ẹ ti débẹ̀, tàbí tí ọmọ yín ti débẹ̀, kí lojú yín rí?

Ọmọ Ìjẹ̀bú tó wọ Army:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú oríire. West Point, ilé ẹ̀kọ́ àwọn Army, lèmi lọ, nítorí náà Beast Barracks ni tèmi, àmọ́ ìyà kan náà ni. Ẹsẹ̀ ni kí ẹ tọ́jú. Gbogbo ènìyàn ló ń ka púṣọ́ọ̀pù, ẹsẹ̀ ló sì ń dá wọn dúró. Wọ́n ti sọ fún wa ṣáájú pé ká ti máa wọ bùútù kiri kí R-Day, ọjọ́ ìwọlé, tó dé. Mo wọ tèmi fọ abọ́, mo wọ̀ ọ́ lọ Walmart, mo wọ̀ ọ́ jókòó wo bọ́ọ̀lù, ìyá mi ń béèrè ṣé orí mi pé. Nígbà tí Beast fẹ́ parí tí a ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ láti Camp Buckner, máìlì 12 pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn, ẹsẹ̀ àwọn tó yọ bùútù tuntun látinú páálí ti lé ròrò, ó ti bẹ́, ìbọ̀sẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn. Kó wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì pọ̀, tínrín nísàlẹ̀, nínípọn lókè. Kó gé èékánná ẹsẹ̀ kúkurú. Mo ti ń sọ̀rọ̀ jù. Ohun kan ló kù: ìṣẹ́jú kan péré ni wọ́n fún wa láti dágbére. Wọ́n kéde rẹ̀, ó tán, ọmọ gba ilẹ̀kùn kan, òbí gba òmíràn.

Àǹtí Dallas:
Ìṣẹ́jú KAN? Yorùbá wo ló ń dágbére níṣẹ̀ẹ́jú kan? Èmi tí mo dìde láti máa lọ nílé ọ̀rẹ́ mi lánàá, tí mo ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà wọn.

Bàbá Tèmi Náà:
Òótọ́ ni o. Ìyá ọmọ ti fi òróró sínú báàgì, ó ní òun á gbàdúrà fún un. "Ọlọ́run Ábúráhámù, Ọlọ́run Ísáákì" ló dé tí wọ́n fi ní àkókò ti tó. Jékọ́bù ò tíì wọlé tọ́mọ fi lọ.

Àǹtí Dallas:
Níbi iṣẹ́ ni mo wà o, ẹ fẹ́ kí wọ́n lé mi 😂

Arábìnrin Ojú Omi:
Ìyá Kádẹ́ẹ̀tì, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dẹ́rù bà yín, ti West Point nìyẹn. I-Day ni wọ́n ń pe ọjọ́ ìwọlé ní tiwa. Wọ́n á gbà á lọ́wọ́ yín láàárọ̀, wọ́n á fá orí rẹ̀, wọ́n á fún un láṣọ funfun, wọ́n á kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń bẹ́rí. Tó bá dìrọ̀lẹ́, gbogbo wọn á búra ní Tecumseh Court níwájú Bancroft Hall, ẹ ó sì tún rí i díẹ̀ lẹ́yìn ìbúra. Ẹ tọ́jú àdúrà yín di ìgbà náà, Jékọ́bù á ráyè wọlé. Ó tún di Parents' Weekend nínú oṣù kẹjọ.

Ní ti ìmúrasílẹ̀, kó gbé irin yẹn sílẹ̀. Máìlì kan àtààbọ̀ ni eré tí wọ́n fi ń dán wọn wò. Ọkùnrin gbọ́dọ̀ parí rẹ̀ kí ìṣẹ́jú 10 àti ìṣẹ́jú àáyá 30 tó pé, obìnrin 12:40. Kó máa sáré nínú ooru Maryland yẹn gan-an, kì í ṣe lórí ẹ̀rọ níwájú A/C. Wọ́n á fún un ní ìwé kékeré kan, Reef Points, àkọ́sórí ni. Àti omi! Ṣé ó mọ̀ ọ́n wẹ̀? Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n wẹ̀, wọ́n á máa dá a padà sínú omi títí á fi mọ̀ ọ́n.

Ìyá Kádẹ́ẹ̀tì:
Wẹ̀ kẹ̀? Tinú báfùróòmù nìkan ló mọ̀.

Gbénró77:
Yorùbá kì í wẹ̀ jàre. Ọ̀ṣun àti Yemọja ló ni omi, tiwa ni ká pọn ún wálé.

Ọmọ Ayétòrò:
Ta ni Yorùbá tí kì í wẹ̀? Ìlàjẹ ni mí o. Ọkọ̀ ojú omi ni mo ń wọ̀ lọ sí iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin ará òkè tó jẹ́ kòtò òjò nìkan lẹ mọ̀ lómi, ẹ má fi wá kún un.

Gbénró77:
Ẹ má bínú, ẹ̀yin yàtọ̀. Àwa ará Ìbàdàn ni mò ń sọ.

Ọmọ Ayétòrò:
Ẹ̀yin náà ní Ògùnpa. Ṣebí gbogbo yín lẹ wẹ̀ ní 1980.

Onídìrí Baltimore:
Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Wọ́n sin òkú nínú ìkún omi odò Ògùnpa yẹn. Ṣọ́ọ̀bù ìyá ìyá mi bá omi lọ, a ò rí pátákó kan.

Ọmọ Ayétòrò:
Ẹ jọ̀wọ́, ẹ foríjì mí, màmá. Ẹnu mi ló yá.

Ọ̀gá Kaduna:
Mò ń ka gbogbo yín, mò ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà! NDA, iléèwé ọ̀gá ológun Nàìjíríà ní Àfákà, ọdún márùn-ún gbáko, kò sí màmá kankan tó ń béèrè nípa ìbọ̀sẹ̀. Ṣé Ọbásanjọ́ gbé ìbọ̀sẹ̀ méjì lọ sí Sandhurst, iléèwé ológun àwọn Gẹ̀ẹ́sì?

Arábìnrin Ojú Omi:
Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn wà ṣáájú ọdún mẹ́rin tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni o.

Akọ̀wé Abẹ́òkúta:
Ọbásanjọ́ ò lọ Sandhurst. Teshie ní Gánà ló ti bẹ̀rẹ̀, ó wá lọ Mons ní Aldershot. Benjamin Adékúnlé ló lọ Sandhurst.

Ọ̀gá Kaduna:
Gẹ̀ẹ́sì ṣáà ló kọ́ àwọn méjèèjì.

Akọ̀wé Abẹ́òkúta:
Mons, oṣù díẹ̀. Sandhurst, ọdún. Ẹ má pò wọ́n pọ̀ fún wa.

Onídìrí Baltimore:
Ẹnikẹ́ni ò tíì sọ̀rọ̀ irun. Èmi ni mo dirí fún ọmọ àbúrò mi kó tó lọ Plebe Summer. Ìyá rẹ̀ ní ṣùkú lòun fẹ́. Mo ní ibo ni fìlà fẹ́ jókòó sí? Kọ̀lẹ́sẹ̀ ni mo dì fún un, kéékèèké, mo wá ká ìdí rẹ̀ mọ́ ìpàkọ́. Kò sáyè dígí níbẹ̀, òógùn ń bọ̀, omi ń bọ̀, irun tó bá gba ìtọ́jú lójoojúmọ́ á kàn dójú ti ọmọ ni. Bí ó bá sì jẹ́ dàda ló ní, kó fọkàn balẹ̀, Navy ti gbà á láyè láti 2018.

Bàbá Tèmi Náà:
Ohun tó dùn mọ́ mi ní West Point ni pé wọn ò gba àlàyé. Mẹ́rin péré ni ìdáhùn tí wọ́n gbà lẹ́nu ọmọ: "Yes, sir", "No, sir", "No excuse, sir", "Sir, I do not understand". Ilé wa ti kọ́ ọ ná. Tó bá ṣàlàyé, a ní ó ń dá wa lóhùn.

Ọmọ Ìjẹ̀bú tó wọ Army:
Ẹlẹ́ẹ̀kẹrin yẹn ni kò sí nílé tiwa. Ta ló tó sọ fún bàbá mi pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò yé òun?

Gbénró77:
Ọ̀rẹ́ mi kan ní àbúrò òun dọ̀bálẹ̀ fún ọ̀gá wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Wọ́n ní ó ṣeun, kó wá máa ka púṣọ́ọ̀pù bọ̀ níbẹ̀.

Akọ̀wé Abẹ́òkúta:
Ó dùn létí. Irọ́ ni síbẹ̀.

Ìyá Ọmọ Mẹ́ta:
Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, torí ẹ̀rín ti pọ̀ jù. Ọmọ mi lọ sí ọ̀kan nínú àwọn iléèwé yìí, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Oṣù kan ò tíì pé tí lẹ́tà fi dé pé òun fẹ́ máa bọ̀ nílé. Ìyà kọ́ ló lé e, wẹ́rẹ́ ló ń ṣe gbogbo rẹ̀. Ó ní lálẹ́ ọjọ́ kan lórí bẹ́ẹ̀dì, òun bi ara òun pé ta ló fẹ́ ibí yìí, òun àbí dádì, òun sì rí i pé dádì ni. Bàbá rẹ̀ ò bá a sọ̀rọ̀ títí Kérésì fi dé. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló ń kọ́ báyìí, ó sì ti ń sanra. Ìyá Kádẹ́ẹ̀tì, ẹ bi ọmọ yín kí ẹ tó ra bàtà.

Ọ̀gá Kaduna:
Màmá, ẹ̀yin lẹ kẹ́ ẹ bà jẹ́. Ká ní ẹ tilẹ̀kùn mọ́ ọn síta ni, ìbá ti dọkùnrin.

Ìyá Ọmọ Mẹ́ta:
Ọkùnrin ni mo bí i. Ẹ ṣeun.

Àǹtí Dallas:
Ọ̀gá, ẹ rọra o.

Arábìnrin Ojú Omi:
Ọ̀gá, ọ̀rọ̀ yín ò tọ̀nà rárá. Òfin gan-an fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún wọn: ẹni tó bá kúrò kí ọdún kẹta tó bẹ̀rẹ̀ kò jẹ ìjọba ní nǹkan kan. Ẹni tó bá parí, ó kéré tán, ọdún márùn-ún lẹ́nu iṣẹ́ ológun ló ń dúró dè é. Mo mọ àwọn tí kò fẹ́ ẹ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, tí ojú ò jẹ́ kí wọ́n lè sọ fún òbí, tí wọ́n wá fi gbogbo ìgbà èwe wọn san ìtìjú yẹn. Ọmọ yẹn ní láyà.

Gbénró77:
Àmọ́ kí lẹ wá sọ fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì? Ṣebí ẹ ti ṣe ìdúpẹ́.

Ìyá Ọmọ Mẹ́ta:
Mo ní ẹni tó bá jẹ ìrẹsì kó má pọ̀ ọ́.

Bàbá Tèmi Náà:
Ẹ kọ lẹ́tà o, ẹ kọ ọ́ dáadáa, torí òun nìkan ló ń wọlé. Yorùbá ni mo fi kọ tèmi. Ọmọ ní òun ò lè kà á tán lẹ́ẹ̀kan, pé ìlà mẹ́ta mẹ́rin lòun ń rí kà kí iná tó kú. Ìyá rẹ̀ tó fi Gẹ̀ẹ́sì kọ tirẹ̀ ń jowú.

Ìyá Kádẹ́ẹ̀tì:
Mo ti kà á látòkè délẹ̀, ẹ ṣeun gan-an. Mo bi í lálẹ́ àná. Ó ní, "Mọ́mì, èmi ni mo fẹ́ ẹ o, dókítà ni dádì fẹ́ kí n ṣe." Ojú bàbá rẹ̀ wálẹ̀. Láàárọ̀ yìí ọmọ ti sáré, bàbá ń fi mọ́tò tẹ̀lé e lẹ́yìn, ó ń fọn fèrè. Omi yìí ló kù. Ta ló mọ ibi tí wọ́n ti ń kọ́ni nítòsí wa?

Ọmọ Ayétòrò:
Silver Spring ni mo wà, ẹ gbé e wá lọ́jọ́ Sátidé. Mi ò gba kọ́bọ̀. Bàbá náà lè bá a wọlé sómi.

Ìyá Kádẹ́ẹ̀tì:
Bàbá ní kí n béèrè bóyá wọ́n ń rí inú omi náà láti ibi tí wọ́n ń páàkì sí.