Ojú kan ṣókùnkùn lójijì, kò dùn ún, kò pọ́n: kí la lè ṣe kó tó dé ọ̀dọ̀ dókítà ojú?

Nọ́ọ̀sì Òkè-Ògùn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Bàbá ẹni ọdún 63 ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé ìlera alábọ́ọ́dé wa. Ojú òsì rẹ̀ ò ríran mọ́. Ó ní òun ríran dáadáa nígbà tóun kírun àsùbá, àfi bó ṣe di aago 7 tí òkùnkùn bò ó lẹ́ẹ̀kan náà. Kò dùn ún, kò pọ́n, kò sí ìpin. Ẹ̀jẹ̀ ríru ti wà lára bàbá tipẹ́. 178/104 la kà láàárọ̀ yìí. Ẹnu ò wọ́, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Àwọn ọmọ wọn ní ká fún àwọn ní oògùn tí wọ́n ń kán sójú kí àwọn máa lọ. Mo fura sí iṣan ẹ̀jẹ̀ tó dí. Báwo la ṣe máa mọ èyí tó dí láìsí ẹ̀rọ?

Dókítà Ojú, Ìbàdàn

Nọ́ọ̀sì, ẹ kọ́kọ́ wá ọkọ̀. Bí ẹ ṣe máa ń sáré sí ẹni tí rọpárọsẹ̀ kọlù ni kẹ́ ẹ sáré sí bàbá yìí, torí ohun kan náà ni.

Iṣan kan ń gbẹ́jẹ̀ wọ ẹ̀yìn ojú, òmíràn ń gbé e jáde. Tí èyí tó ń gbé e wọlé bá dí, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lojú fi ń ṣókùnkùn. Tó bá jẹ́ èyí tó ń gbé e jáde, bíi gọ́tà tó dí ni: ẹ̀jẹ̀ á padà sẹ́yìn, á máa jò sínú rẹ́tínà, awọ ẹ̀yìn ojú tó ń gba ìmọ́lẹ̀. Ìríran á kàn ṣú bàìbàì, aláìsàn sì sábà máa ń kíyè sí i nígbà tó bá jí. Ìtàn bàbá jọ ti àkọ́kọ́.

Tọ́ọ̀ṣì tó fún yín. Ẹ mú yàrá ṣókùnkùn díẹ̀, kí bàbá wo ọ̀ọ́kán. Ẹ tan iná sójú ọ̀tún fún bí ìṣẹ́jú àáyá 3, kẹ́ ẹ yára gbé e sí ti òsì. Tí ọmọlójú òsì bá ń fẹ̀ sí i dípò kó sún kì, rẹ́tínà tàbí iṣan ìríran, èyí tó ń gbé ohun tójú rí lọ sí ọpọlọ, ló ní wàhálà. Katarákìtì, kùrukùru inú ẹyinjú, nìkan kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ kọ "aago 7" gàdàgbà sórí lẹ́tà. Nínú ìwádìí tí wọ́n fi ọ̀bọ ṣe, bí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ bá dí fún wákàtí 4, ìbàjẹ́ rẹ́tínà ti kọjá àtúnṣe. Àwọn ilé ìwòsàn kan ń fún aláìsàn ní oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì láàárín wákàtí 4 àtààbọ̀. Àríyànjiyàn ṣì wà lórí rẹ̀, àmọ́ tí wọn ò bá mọ àkókò tó bẹ̀rẹ̀, wọn ò ní dá a lábàá rárá. Ẹni tó bá jí bá a lójú, ìgbà tó ríran gbẹ̀yìn kó tó sùn lẹ máa kọ.

Awojú Abẹ́òkúta

Ṣé wọn ò lè fọwọ́ tẹ ojú náà? Ẹ tẹ̀ ẹ́ látorí ìpéǹpéjú fún ìṣẹ́jú àáyá 10 sí 15, kẹ́ ẹ tú u sílẹ̀ lójijì, kẹ́ ẹ tún un ṣe. Wọ́n ní ó lè ti ohun tó dí i lọ síwájú.

Dókítà Ojú, Ìbàdàn

A ti ń ṣe é tipẹ́, ẹ̀rí pé ó ń ṣiṣẹ́ ò sì tó nǹkan. Mi ò ní fi ìṣẹ́jú 10 ṣòfò lórí ẹ̀ nígbà tí Ìbàdàn ṣì jìnnà. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ ojú tàbí tó fara pa lójú, ẹ má tiẹ̀ fọwọ́ kàn án.

Apòògùn

Ẹ má fi nifedipine, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, sábẹ́ ahọ́n bàbá nítorí 178 yẹn o! Agbára ẹ̀jẹ̀ ló ń ti ìwọ̀nba tó kù wọnú rẹ́tínà àti ọpọlọ. Tẹ́ ẹ bá já a lulẹ̀ lójijì, ẹ ti dá kún un nìyẹn. Ẹnì kan tún lè dábàá acetazolamide 500 mg láti dín ìfúnpá inú ojú kù. Ẹ bi wọ́n léèrè jínótáìpù wọn ná: ó lè mú kí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ onífòníkú-fọ̀ladìde tún ká kò sí i. Ẹ wo ṣúgà wọn pẹ̀lú. Aspirin, ẹ fi sílẹ̀ fún ilé ìwòsàn ńlá.

Nọ́ọ̀sì Òkè-Ògùn

Ọmọlójú òsì ń fẹ̀. Ọkọ̀ ti dé, ṣúgà 112. Àwọn ọmọ ń bèèrè pé tójú náà bá ti lọ, kí ni wọ́n tún ń náwó sí?

Dókítà Ojú, Ìbàdàn

Ẹ sọ fún wọn pé ohun tó dí ojú sábà máa ń wá látinú iṣan ọrùn tàbí látinú ọkàn, ibi tó ti wá sì lè ju òmíràn sí ọpọlọ. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́ ló léwu jù. Torí náà, ẹ má darí wọn síbi tó jẹ́ ojú nìkan ni wọ́n ń wò. Níbi tí wọ́n ti lè ya àwòrán ọpọlọ àti iṣan ọrùn, kí wọ́n sì ṣe ECG, àyẹ̀wò bí ọkàn ṣe ń lù, ni kí wọ́n lọ, irú ilé ìwòsàn UCH n'Ìbàdàn. Ẹ tún bi bàbá bóyá orí ń fọ́ wọn, tàbí párì-ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń dùn wọ́n tí wọ́n bá ń jẹun. Kò wọ́pọ̀ láàárín wa, àmọ́ iṣan orí tó wú lè pa ojú kejì láàárín ọjọ́ díẹ̀, oògùn sítẹ́rọ́ìdì tó pọ̀ ni wọ́n sì ń fi dá a dúró.

Tí wọ́n bá débẹ̀ tí wọ́n rí i pé iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde ló dí, abẹ́rẹ́ inú ojú ló kàn, 0.05 ml lẹ́ẹ̀kan, lóṣooṣù níbẹ̀rẹ̀, láti fa omi tó wú rẹ́tínà gbẹ. Ọ̀pọ̀ ń sá lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kan torí owó. Níbi tí bí oṣù 3 bá ti ń lọ, iṣan tuntun lè hù síwájú ojú, kí ìfúnpá inú rẹ̀ sì ga fíofío. Tí ojú náà bá pọ́n tó sì ń dùn wọ́n, kí wọ́n lọ lọ́jọ́ náà gan-an, kódà kí ọjọ́ tí wọ́n dá fún wọn ṣì ku ọ̀sẹ̀ méjì.