Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí ata ilẹ̀ pupa (turmeric) àti eegun ẹ̀gbọ́n mi
Ẹ kú ilé o. Ulcerative colitis, egbò inú ìfun, ló ń ṣe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin láti 2017, oògùn prednisolone ni wọ́n ń fún un léraléra, ìgbẹ́ ẹ̀jẹ̀ yẹn dẹ̀ máa ń rọlẹ̀, àmọ́ oògùn yẹn náà ń jẹ eegun. Lóṣù tó kọjá ó kàn gbé kẹ́ẹ̀gì omi ni, ọrùn ọwọ́ ẹ̀ bá dá! Ó ti ń lo calcium àti fítámì D. Ẹnìkan wá ní kó máa po ata ilẹ̀ pupa mọ́ iyèré, pé curcumin, èròjà inú ata ilẹ̀ pupa yẹn, máa gba ìfun àti eegun là, ṣùgbọ́n ara eku ni wọ́n ti dán ti eegun yẹn wò jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti lò ó rí, ṣé kò bá oògùn dọ́kítà jà? Ẹ̀rù ń bà mí gan-an.