Ọmọ tuntun tí ètè àti àjà ẹnu rẹ̀ là: èló ni kí ẹgbẹ́ wa dá fún iṣẹ́ abẹ?

EgbeIya_Saki

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹgbẹ́ obìnrin kan ní Ṣakí la jẹ́, a máa ń dáwó tọ́jú àwọn aláìní. Ìyá kan ládùúgbò wa ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ọmọ náà pé ọjọ́ mẹ́sàn-án lónìí. Ètè rẹ̀ là wọ ihò imú lápá òsì, àjà ẹnu náà là. 2.9 kg ni wọ́n bí i, ó ti di 2.6 báyìí, ọyàn tó bá sì mu ń gba imú jáde. A fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dáwó iṣẹ́ abẹ. Èló ni ká fojú sí? A tún gbọ́ pé àwọn aláàánú kan ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, ṣé òótọ́ ni?

Noosi_Omode

Ẹ kú àánú ọmọ o. Ẹ jẹ́ ká gbé iṣẹ́ abẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Ọmọ tó fi bí ìdá kan nínú mẹ́wàá rù, tí kò sì tíì gbà á padà lọ́jọ́ kẹsàn-án, ọsibítù ló yẹ kó wà lónìí. Kí dókítà wò ó bóyá omi ti gbẹ lára rẹ̀, kó sì fetí sí ọkàn rẹ̀, torí àwọn ọmọ míì tí àjà ẹnu wọn là máa ń ní àléébù ọkàn pẹ̀lú. Tó bá ń sùn jù, tí ìtọ̀ rẹ̀ kò pọ̀, tàbí tí ara rẹ̀ gbóná, ẹ má jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú.

Ìdí tó fi ń rù nìyí. Ọmọ tí ètè nìkan là sábà máa ń rí ọyàn mu, torí ẹran ọyàn fúnra rẹ̀ á dí ojú ibi tó là. Bí àjà ẹnu bá là, atẹ́gùn á máa gba imú wọlé, ẹnu kò ní lè fà. Ọmọ á wà lórí ọyàn fún wákàtí kan, ìyá á rò pé ó ń mu, àárẹ̀ lásán ló ń kó.

Kí ìyá fọwọ́ fún ọyàn sínú ife tí wọ́n ti bọ̀ lómi gbígbóná, kó fi ṣíbí kékeré bọ́ ọ. Kó gbé ọmọ jókòó lórí itan, kí orí ga. Kó gbé etí ṣíbí lé ètè ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún tí kò là, kó gbé ìdí ṣíbí sókè díẹ̀ títí ọyàn á fi kan ètè, kó dúró kí ọmọ fi ahọ́n gbà á fúnra rẹ̀. Ẹ dákun, ẹ má rọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń rọ ọmọ lágbo! Ọ̀nà tí ọyàn fi ń gba ọ̀nà ọ̀fun wọ ẹ̀dọ̀fóró nìyẹn. Ìwọ̀nba tó gba imú jáde kò léwu, ẹ nù ún. Bó bá ń wúkọ́ tí ẹnu rẹ̀ ń dúdú, ẹ dáwọ́ dúró, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà.

150 ml lórí kílò kọ̀ọ̀kan lójúmọ́ ni ìwọ̀n rẹ̀. Fún 2.6 kg, 390 ml ni, ìyẹn bí 50 ml ní wákàtí mẹ́ta-mẹ́ta, tọ̀sán-tòru. Kó má ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n sì gbé e lé èjìká kó gùfẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta. Orí òṣùwọ̀n kan náà ni kí wọ́n ti máa wọ̀n ọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bó bá ń fi 150 sí 200 gíráàmù kún un, ó ń ṣe dáadáa.

Alaanu_Ibadan

Òótọ́ ni, ọ̀fẹ́ ni. Smile Train, àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1999, ló ń san owó rẹ̀. Àwọn dókítà tó wà nílẹ̀ níbí ló ń ṣe iṣẹ́ abẹ, àjọ náà sì ń san án fún ọsibítù. Wọ́n máa ń tún ètè àti àjà ẹnu ṣe ní àwọn ọsibítù bíi UCH Ìbàdàn, OAUTHC Ilé-Ifẹ̀ àti LUTH Èkó. Ẹ wo ìkànnì àjọ náà kẹ́ ẹ rí ọsibítù tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, kẹ́ ẹ sì pè kẹ́ ẹ tó gbéra. Ẹ bi wọ́n léèrè ọjọ́ kíníìkì wọn, bóyá owó káàdì àti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wà lára ọ̀fẹ́, àti bóyá ìrànwọ́ owó ọkọ̀ wà. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ san owó fọ́ọ̀mù kó tó gba orúkọ ọmọ sílẹ̀, ẹ má dá a lóhùn.

Nítorí náà, owó ọkọ̀ ni kẹ́ ẹ dá. Láti Ṣakí, ẹ ka ìrìn mẹ́rin ó kéré tán: àyẹ̀wò àkọ́kọ́, iṣẹ́ abẹ ètè, àyẹ̀wò lẹ́yìn rẹ̀, àti iṣẹ́ abẹ àjà ẹnu. Ẹ fi oúnjẹ ìyá àti ibi tí ẹni tó bá tẹ̀ lé e máa sùn sí i. Ẹ ya owó ìrìn kẹrin sọ́tọ̀ pátápátá. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹbí ti ń jáwọ́: ètè ti di, ojú ọmọ ti dára, wọ́n á ní ó ti parí. Àjà ẹnu tó ṣì là ló ń mú kí ọ̀rọ̀ ọmọ máa gba imú jáde, kí etí sì máa dùn ún léraléra.

EgbeIya_Saki

Ẹ ṣeun gan-an, Olúwa á san yín lẹ́san. Wọ́n ti dá a dúró sí ọsibítù. Ìyá ọkọ ń fẹ́ kí wọ́n ṣe ètè kí ọmọ tó pé oṣù kan, kí àwọn èèyàn má baà rí i. Ṣé ó ṣeé ṣe?

Tiata_Oorun

Ẹ bá wa bẹ màmá. Ohun tí ọ̀pọ̀ dókítà ń dúró dè fún ètè ni kí ọmọ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, kó wọ̀n tó 4.5 kg, kí PCV rẹ̀ (àyẹ̀wò tó ń fi hàn bóyá ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ tó) sì tó 30. Ó di oṣù 9 sí 18 kí wọ́n tó ṣe àjà ẹnu.

Ohun mẹ́ta ló sábà máa ń dá ọmọ padà lẹ́nu ọ̀nà tíátà, ìyẹn yàrá iṣẹ́ abẹ: ikọ́ tàbí ọ̀fìnkìn, ẹ̀jẹ̀ tí kò tó, àti oúnjẹ tí wọ́n fún un láàárọ̀. Bí ó bá ń wúkọ́, ẹ pe ọsibítù kẹ́ ẹ tó náwó ọkọ̀. Ẹ yẹ PCV àti ibà wò ní Ṣakí ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, kí àyè lè wà láti tọ́jú rẹ̀. Ní ti oúnjẹ, ọyàn gbọ́dọ̀ dúró ní wákàtí mẹ́rin ṣáájú oorun abẹ, mílíìkì agolo àti ọ̀gì ní wákàtí mẹ́fà, omi lásán ní wákàtí méjì. Ohun tó bá wà nínú ikùn lè gòkè wọ ẹ̀dọ̀fóró nígbà tó bá sùn. Ìyá àgbà tó bá fún un ní ṣíbí ọ̀gì kan láàárọ̀ kò mọ̀ pé òun ti ba ìrìn náà jẹ́, nítorí náà ẹ ti sọ fún gbogbo ilé lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú.

Noosi_Omode

Kí n fi èyí kún un: kí wọ́n má torí iṣẹ́ abẹ dá àjẹsára dúró. Ti ọ̀sẹ̀ kẹwàá ló lè bọ́ sí ìtòsí ọjọ́ tíátà, ara ọmọ sì lè gbóná lẹ́yìn abẹ́rẹ́, kí wọ́n rò pé àìsàn ni. Ẹ mú káàdì àjẹsára dání, kẹ́ ẹ sọ ọjọ́ tó gba abẹ́rẹ́ fún dókítà nígbà tí wọ́n bá ń mú ọjọ́.