Ìgbà wo ló yẹ kí n gbé Màmá lọ sílé ìtọ́jú?

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará mi. London ni mo wà, Màmá mi ti pé 81, ọdún kẹrin rèé tí dókítà ti sọ pé Alzheimer's, àìsàn ìgbàgbé yẹn, ni, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé. Tó bá ti di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ báyìí wọ́n á ká ìró méjì pẹ̀lú gèlè kan sínú nílọ́ọ̀nù, wọ́n á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á ní àwọn ń lọ ilé, bàbá àwọn ti ń retí àwọn. Bàbá tí ò sí láyé mọ́ láti 1974. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe, ọmọ mi tó jẹ́ ọmọ ọdún 17 ló ń wà pẹ̀lú wọn. Oṣù tó kọjá wọ́n jáde lóru, bàtà ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, ọlọ́pàá ló gbé wọn wálé láti bọ́sítọ́ọ̀pù. Bọ̀dá mi n'Íbàdàn ní tí mo bá gbé ìyá àwọn fún àjèjì, kí n má pe òun mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó ti tó àsìkò ni àbí èmi ni mi ò ní sùúrù?

Ìyá Ìbejì: Pẹ̀lẹ́ àbúrò mi. Kí ẹni tí ò pààrọ̀ aṣọ ìtọ̀ lóru rí má sọ fún ẹ pé o ò ní sùúrù. Ní ti bàbá mi, òru ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ó ti tó, torí ọ̀sán, èèyàn lè rí ẹni bá a dá sí i, ṣùgbọ́n ẹni tó ń dìde lẹ́ẹ̀mẹfà lóru, ẹni tí ò ní sùn rárá ló fẹ́, ọmọ ọdún 17 ò sì lè ṣe é. Pe kánsù, ní kí wọ́n wá ṣe assessment fún Màmá, ìyẹn ni pé kí wọ́n wá wo irú ìrànlọ́wọ́ tí wọ́n nílò, kí wọ́n ṣe tìẹ náà, ọ̀fẹ́ ni, ó wà nínú òfin Care Act 2014. Má tún ilé ṣe dè wọ́n o! Màmá á wọṣọ, wọ́n á kí wọn dáadáa, àwọn kánsù á wá rò pé kò sí nǹkan kan. Máa kọ ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lóru sílẹ̀ kí wọ́n tó dé.

Bọ̀dá Leeds: Ọ̀rọ̀ owó ńkọ́? Ní England ńbí, ẹni tí owó àti dúkìá ẹ̀ bá ju £23,250 lọ ló máa ń san gbogbo owó ilé ìtọ́jú fúnra ẹ̀. Tó bá jẹ́ Màmá ló nilé, ẹ béèrè dáadáa, torí tí mọ̀lẹ́bí tó ti pé 60 bá ń bá wọn gbé ibẹ̀, wọn kì í ka ilé yẹn mọ́ ọn. Power of attorney náà, ìwé tí Màmá fi máa fún ẹ láṣẹ láti ṣe ìpinnu fún wọn, ìgbà tí wọ́n ṣì mọ ohun tí wọ́n ń fọwọ́ sí ni wọ́n ń ṣe é o, tó bá kọjá ìyẹn, kóòtù ni.

Àbẹ̀kẹ́: Èmi ní tèmi, mi ò ní kẹ́ ẹ kó wọn lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú respite, kí wọ́n lọ gbé nílé ìtọ́jú fúngbà díẹ̀ kẹ́ ẹ lè sinmi, ọ̀sẹ̀ méjì péré, kẹ́ ẹ wo bó ṣe máa rí lára wọn. Òyìnbó ti kúrò lẹ́nu ìyá mi, Yorùbá nìkan ló kù, àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìtọ́jú tí wọ́n wà ní wọ́n kàn ń pariwo ni, àṣé "òùngbẹ ń gbẹ mí" ni wọ́n ń sọ látàárọ̀. Ọjọ́ tí mo débẹ̀ tí mo gbọ́, mo sunkún. Mo kọ òùngbẹ, ìtọ̀, ó ń dùn mí, gàdàgbà gàdàgbà sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo kọ ìtumọ̀ ẹ̀ síwájú ẹ̀. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ní òṣìṣẹ́ tó gbọ́ Yorùbá.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣé gan-an, mo ka gbogbo ẹ̀ tomijé tomijé. Lánàá tí mi ò lọ síṣẹ́, mo pe bọ̀dá mi lórí fídíò ní aago méjì òru, mo gbé fóònù sórí kọ́bọ́ọ̀dù, mo ní kí wọ́n kàn máa wò wá. Màmá ń ti ilẹ̀kùn, wọ́n ń bẹ̀ mí, "àǹtí, ẹ jẹ́ n máa lọ." Nígbà tó ṣe, bọ̀dá mi ní, "Tó bá ti mọ́, pe àwọn kánsù yẹn." Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń bọ̀.